Orúnkún Jẹ́nsinmi

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ẹsẹ̀ Jẹ́nsinmi daṣẹ́ sílẹ̀. Kò lé ológbò, kò sì bá ajá ẹlòmíràn jà. Ó kàn yí ara padà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn láti wo ẹni tó ń wọlé ni. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn sókè bí ẹni tó tẹ ẹyin iná mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi ń rìn. Ó máa ń fi ìka ẹsẹ̀ kẹrin tọ́ ilẹ̀ wò nígbà mìíràn, á sì yára gbé e sókè padà.

Ẹni tó ń wọlé lọ́jọ́ náà ni aránṣọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Abẹ́rẹ́. Orúkọ náà bá a mu: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gún régé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà sì máa ń gúnni. Ìsàlẹ̀ ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì gígùn tó fi ń gé aṣọ, àti dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ẹ̀yìn ara wọn. Òkè ni òun àti bàbá rẹ̀ ń gbé. Àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún ló wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀.

Bíríkìlà ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Àwọn ló ni ajá. Àbúrò Àǹtí Abẹ́rẹ́, ọkùnrin tó ń wa tírélà kiri, ló gbé e wálé nínú páálí lọ́dún tí ìyá wọn kú, kí Bàbá má baà máa dá sọ̀rọ̀. Ọdún kọkànlá rèé. Nígbà tí àwọn aládùúgbò ń ráhùn pé ọmọ ajá náà ń gbó jù, Bàbá sọ ọ́ ní Jẹ́nsinmi, kí àwọn lè máa fi orúkọ náà pariwo sí gbogbo wọn létí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí ẹjọ́ wọn rò.

Dókítà ẹranko ò pẹ́ kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di itan ajá mú, ó fi ìkejì ti ojúgun síwájú, egungun náà sì yọ̀ bíi dúrọ́ọ̀ tábìlì. Ó ṣàlàyé pé okùn kan wà nínú orúnkún tó so egungun itan mọ́ egungun ojúgun. Okùn náà ti já, kò sì ní so ara rẹ̀ padà.

Ọ̀nà méjì ló là sílẹ̀. Èkíní, iṣẹ́ abẹ: kí wọ́n fi ayùn gé orí egungun ojúgun, kí wọ́n yí i díẹ̀, kí wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ kan dè é pa. Lẹ́yìn náà, ajá máa wà lójú kan nínú àgò fún oṣù mẹ́ta: kò gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn, kò gbọ́dọ̀ fò, kò gbọ́dọ̀ sáré. Bó bá yọrí sí rere, á rìn dáadáa. Àmọ́ ajá ọlọ́dún mọ́kànlá ni, ọkàn rẹ̀ sì ń dún lọ́nà kan tí kò tọ́. Kò burú débi tí wọn ò fi lè ṣe é, ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n fi ń múni sùn kì í ṣe ohun eré fún arúgbó. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n má ṣe é. Kí ó máa lo oògùn ìrora, kí ó fọn, kí wọ́n máa fi okùn mú un rìn díẹ̀díẹ̀. Orúnkún á le bó bá yá, á máa tiro, làkúrègbé á sì tètè dé. Bó ti wù kó rí, okùn ẹsẹ̀ kejì náà lè já lọ́jọ́ kan.

Àǹtí Abẹ́rẹ́ béèrè èwo ni kí òun mú nínú méjèèjì.

"Ọwọ́ yín ló wà, mà," ni dókítà wí.

Ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú ìpinnu. Ọ̀nà yòówù tí wọ́n bá gbà, ó kéré tán, ajá gbọ́dọ̀ fi kílò mẹ́rin sílẹ̀, torí kílò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti pọ̀ jù fún orúnkún náà.

Bí ìdààmú ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àǹtí Abẹ́rẹ́ pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Àbúrò ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tó fi ní kí wọ́n ṣe é, pé gbogbo ohun tó bá ná wọn, òun ló máa san án. Inú Àǹtí Abẹ́rẹ́ ìbá dùn sí i ká ní kò sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé owó ni kò sí, ọ̀rọ̀ ìbá ti parí: èèyàn á ní kò sí, á sì lọ sùn. Ní báyìí, kò sí ohun tó lè fara pamọ́ sí lẹ́yìn.

Ó bi Bàbá. Bàbá ní, "Ẹ ṣe é bó bá ṣe yẹ," wọ́n sì kọjú sí fèrèsé. Ó tún bi wọ́n lọ́jọ́ kejì, ìdáhùn kan náà ni. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ní ṣé òun ò rí i pé àwọn ń wo òjò ni. Òjò ò sì rọ̀.

Àwọn oníbàárà ní tiwọn ò nílò kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n. Obìnrin kan tó wá dán síkẹ́ẹ̀tì wò sọ pé wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ajá ẹ̀gbọ́n òun, kò sì pé oṣù mẹ́ta tó fi ń lé kẹ̀kẹ́. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ní kó má dán an wò, pé inú àgò ni ti ọ̀gá òun kú sí. Wẹ́dà òdìkejì títì sọ pé géètì ni wọ́n ń fi irin ṣe, pé òun ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi ṣe ajá. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ló ń gbé e kí a tó bá a ké ọfẹ. Ní ti ọ̀rọ̀ Jẹ́nsinmi, gbogbo ayé ló ń ké ọfẹ, ẹni tó ń gbẹ́rù ò ju ọ̀kan ṣoṣo lọ.

Ẹrù náà sì wúwo. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni ajá gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀, kò sì lè dá sọ àtẹ̀gùn. Àǹtí Abẹ́rẹ́ fi aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo àga rán ọ̀já kan, èyí tó máa gba abẹ́ ikùn ajá kọjá kó lè fi gbé ìdí rẹ̀ sókè. Èyí tó kọ́kọ́ rán yọ̀ lórí àtẹ̀gùn kẹfà, àwọn méjèèjì sì fi ìdí jókòó. Ìkejì há mọ́ ibi tí kò yẹ kó há mọ́ lára akọ ajá, Jẹ́nsinmi sì wò ó bí ẹni tí wọ́n dà. Ìkẹta ló ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, bó bá ti ń rẹ́sẹ̀ aṣọ oníbàárà lọ́wọ́, á gbọ́ gbígbó láti òkè, á ju síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀, á gun òkè, á gbé ajá wálẹ̀, á dúró tì í létí ògiri títí tó fi máa rí ibi tó wù ú, á sì tún gbé e gòkè. Bó bá fi máa padà dé ìdí ẹ̀rọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti máa ta, oníbàárà á sì ti máa wo aago.

Ife kékeré kan ló fi ń wọn oúnjẹ ajá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kò lé, kò dín. Ebi ajá ń dun òun náà. Ṣùgbọ́n ó rò pé èyí nìkan ni ohun tó dájú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà: kí ó fọn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, wọ́n gbé Jẹ́nsinmi sórí ìwọ̀n. Ó ti fi kílò kan àti ààbọ̀ kún ti tẹ́lẹ̀.

Dókítà rọra béèrè bóyá ẹlòmíràn tún wà nílé tó ń fún un lóńjẹ. Àǹtí Abẹ́rẹ́ ní kò sí. Dókítà ní ó dáa, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì béèrè ibi tí wọ́n fi ìpinnu sí. Àǹtí Abẹ́rẹ́ ní òun ò tíì mọ̀, pé kí dókítà jọ̀ọ́ gba òun nímọ̀ràn. Dókítà tún bẹ̀rẹ̀ látòkè: ọ̀nà àkọ́kọ́ báyìí, ọ̀nà kejì báyìí, ọwọ́ yín ló wà.

Ibẹ̀ ni sùúrù ti tán. "Dókítà," ló wí, "bí ẹnìkan bá gbé aṣọ wá bá mi, tó ní òun ò mọ̀ bóyá kó gùn ni àbí kó kúrú, mi ò ní sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Màá wo ìdúró rẹ̀, màá sì sọ ohun tó yẹ ẹ́ fún un. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Kí wá ni iṣẹ́ tiyín?"

Dókítà ò bínú. Ó gbé ajá kúrò lórí ìwọ̀n, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, ó ń fọwọ́ pa á létí.

"Ajá tèmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá," ló wí. "Irú orúnkún yìí náà ni. Èmi fúnra mi ni mo ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ẹsẹ̀ náà sì jinná. Oṣù mẹ́ta ló fi wà nínú àkámọ́ tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó jáde, oṣù márùn-ún péré ló lò tí àìsàn mìíràn fi pa á. Tí ẹ bá bi mí bóyá ohun tó dáa ni mo ṣe, mi ò tíì mọ̀ dòní. Bí mo bá wá sọ fún yín pé mo mọ ti ajá yín, irọ́ ni màá pa."

Àǹtí Abẹ́rẹ́ dúpẹ́, ó mú ajá, ó jáde. Inú ń bí i ju ìgbà tó wọlé lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni máa bá a sọ òtítọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, òtítọ́ náà ò sì ràn án lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rántí pé òun ní òmíràn lókè, ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó sì gun àtẹ̀gùn láìdún. Nígbà tó yọjú sí yàrá, Bàbá wà lórí àga wọn, ajá sì gbé àgbọ̀n lé wọn lórúnkún. Inú àpò súwẹ́tà ni Bàbá ti ń mú búrẹ́dì jáde. Bọ́tà wà lára rẹ̀, ó nípọn bíi símẹ́ńtì tí wọ́n fi ń to bíríkì. Wọ́n ń bù ú ní kékeré kékeré, wọ́n ń nà án sí ajá, Jẹ́nsinmi sì di ojú méjèèjì bó ṣe ń gbà á.

Àǹtí Abẹ́rẹ́ ò pariwo mọ́ bàbá rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó pariwo lọ́jọ́ náà. Ó sọ ti ife tó fi ń wọn oúnjẹ, ó sọ ti ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń ta, ó sọ ti ìtìjú tó bá a nídìí ìwọ̀n. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin gan-an lẹ máa pa ajá yìí." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló wù ú kó kó o padà, àmọ́ ẹyin lohùn.

Bàbá gbé búrẹ́dì tó kù sórí tábìlì. Wọ́n gbọn èérún kúrò lára súwẹ́tà.

"Tẹ́lẹ̀," ni wọ́n wí, "èmi àti òun jọ máa ń rìn dé ibi tí ọ̀nà ti pín, a ó tún padà. Bó bá dúró, èmi náà á dúró, gbogbo èèyàn á rò pé ajá ni mò ń dúró dè. Ní báyìí, kò lè rìn mọ́, èmi náà ò sì lè dá rìn. Kí ló kù lọ́wọ́ mi tí mo lè fún un?"

Àǹtí Abẹ́rẹ́ jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ṣùgbọ́n inú ò tíì rọ̀. Ó ní, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí Bàbá sọ̀rọ̀ bí olówó ajá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí òun ti ń bi wọ́n, tí wọ́n ń fi òjò tí kò rọ̀ dá òun lóhùn. Ṣé kí wọ́n ṣe é ni àbí kí wọ́n má ṣe é?

Bàbá fọwọ́ pa ajá lórí.

"Nígbà tí ìyá yín fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ," ni wọ́n wí, "wọ́n gbé ìwé wá bá mi. Wọ́n ní iṣẹ́ kékeré ni. Mo ní ṣé kí n fọwọ́ sí i, wọ́n ní ọwọ́ mi ló wà. Èmi ni mo fọwọ́ sí i." Wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún wọn. "Mi ò fẹ́ fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ ti ajá. Mi ò sì fẹ́ sọ pé kí ẹ má ṣe é, kó má lọ jẹ́ pé nítorí ẹ̀rù tèmi ni ẹranko ẹlẹ́ranko á fi máa tiro."

Àǹtí Abẹ́rẹ́ mọ̀ pé ìyá wọn sùn sórí tábìlì yẹn, kò sì jí. Kò mọ̀ rárá pé Bàbá ka ìwé yẹn sí ọrùn ara wọn. Ọdún mọ́kànlá gbáko, wọ́n jọ ń jẹun lórí tábìlì kan náà.

"Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ pa Màámi."

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. "Mímọ̀ ọ́n ò sọ pé kó má dunni."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi sàmì sí nǹkankan lọ́jọ́ náà. Ó jókòó síwájú ìwé tí dókítà fún un, ó sì gbìyànjú láti wo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe máa ń wo oníbàárà tó dúró síwájú rẹ̀: bó ṣe rí gan-an, kì í ṣe bó ṣe rí lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ajá àgbà ni. Bó bá pẹ́ títí, á tún lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta nínú àkámọ́ kì í ṣe kékeré nínú ìyẹn. Ọkàn rẹ̀ ń dún. Àtẹ̀gùn ò ní dín kù. Bàbá á máa jókòó ti àgò ní gbogbo ọjọ́, wọ́n á máa ka èémí rẹ̀. Lódìkejì, irin náà lè mú kó tún sáré, ìrora á sì kúrò pátápátá. Ó gbé e síhìn-ín, ó gbé e sọ́hùn-ún. Kò sí èyí tó tẹ̀wọ̀n tó láti bo ìkejì mọ́lẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó rí i pé bí òun bá dúró de ìgbà tó máa dá òun lójú, ajá á ti kú. Ó pe dókítà, ó ní àwọn ò ní ṣe é.

Dókítà ò yìn ín, kò sì bá a wí. Ó béèrè nípa kílò.

Àbúrò rẹ̀ ló bá a wí nígbà tó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé nítorí ẹ̀rù tó ń ba Bàbá ni ajá ṣe máa tiro títí ayé?"

"Ó wà nínú rẹ̀," ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ dáhùn, "kì í ṣe òun nìkan. Ìwọ ò sì gbé e gun àtẹ̀gùn yìí rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Àbúrò ní ó dáa, ó pa fóònù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi pè.

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ ṣe ohun tó yẹ kó ti ṣe tipẹ́. Ó pe wẹ́dà òdìkejì àti ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà, ó ní kí àwọn tí wọ́n ń ké ọfẹ wá gbé ẹrù. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì Bàbá, àga wọn àti ibùsùn ajá wá sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì ru ẹ̀rọ ìránṣọ méjèèjì, tábìlì gígùn àti dígí lọ sókè. Dígí há sí ìyípo àtẹ̀gùn fún odindi wákàtí kan. Àwọn oníbàárà ráhùn gidi. Obìnrin onísíkẹ́ẹ̀tì dé òkè tó ń mí gúlegúle, ó ní ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n ti máa wọn òun, torí òun á ti fọn kí òun tó dé òkè, aṣọ náà ò sì ní gba òun lọ́jọ́ tí òun bá máa wọ̀ ọ́.

Ní ti oúnjẹ, Àǹtí Abẹ́rẹ́ fi ife lé Bàbá lọ́wọ́, ó ní àwọn ló ni ín láti òní lọ. Bó ṣe di iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó fi ogójì ọdún wọn yanrìn mọ́ símẹ́ńtì ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni bá àwọn sọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Bàbá máa ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fá orí ife náà kó tẹ́jú, wọ́n á sì dá ìyókù padà sínú àpò. Láàárọ̀, wọ́n á fi okùn mú ajá jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, ó di mẹ́wàá.

Kò rọrùn. Oògùn ìrora dá inú Jẹ́nsinmi rú, wọ́n ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Ó yọ̀ lórí ilẹ̀ dídán lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sọ ohun tí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti tún ṣe nù, títí Àǹtí Abẹ́rẹ́ fi gé kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tẹ́ sí gbogbo ibi tó ń rìn dé. Àwọn ọjọ́ kan wà tó máa ń wo ajá náà láti orí àtẹ̀gùn, tí inú á sì máa bí i sí ajá, sí dókítà, sí ara rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni Jẹ́nsinmi fi àtẹ́lẹsẹ̀ náà lélẹ̀ pátápátá, tó sì fi ara tì í. Kílò mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Kò pé mẹ́rin.

Lóṣù karùn-ún, àbúrò rẹ̀ dé láti ìrìn àjò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí Bàbá àti ajá ṣe ń bọ̀ láti òdìkejì títì. Orí Jẹ́nsinmi ń mì sókè sódò bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ti kan ilẹ̀.

"Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣe é," ni àbúrò wí, "kò ní máa rìn báyìí."

Láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ ti to ìdáhùn sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn, ó ju mẹ́wàá lọ. Kò rí èyí tó fẹ́ lò nínú wọn. Ó ní, "Bóyá."

Àbúrò wò ó, bóyá ìjà ló ń retí. Ó béèrè bóyá ó kábàámọ̀.

"Láàárọ̀, bó bá ń gbìyànjú àtidìde, mo máa ń kábàámọ̀," ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ wí. "Bó bá fi máa mumi tán, ó ti kúrò lára mi. Lọ gba okùn lọ́wọ́ Bàbá, èèyàn ń dúró dè mí lókè."